Bámigbọ́, Ajá Tó Gbọ́ Òyìnbó

Ọ̀sán gangan ni olè wá gbé ẹ̀rọ ìgétáìsì Ọdúnjọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Olè tó bá wá lóru, èèyàn á ní oorun ló gbé òun lọ. Èyí wá ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ó fi irin já àgádágodo yàrá ẹ̀yìn, ó gbé ẹ̀rọ, ó gbé wáyà rẹ̀, ó tún bu omi mu nínú ike tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, Ọdúnjọ wà nínú pálọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti olè.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Adébùkọ́lá, ti ìsọ̀ ẹja yìnyín rẹ̀ dé tó bi í pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, Ọdúnjọ ní òun sùn lọ ni. Irọ́ ni o. Ojú rẹ̀ là kedere. Etí rẹ̀ ló di.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Ọdúnjọ ti fi ń gé táìsì láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìkìrun wá sí Èkó. Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ yẹn rí mọ̀ pé bó bá bẹ̀rẹ̀ sí ké, eyín inú ẹnu èèyàn a máa gbọ̀n. Ó gé ti Ajah, ó gé ti Sangotedo, ó gé ti àwọn ilé ńláńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gọ́ọ̀fù ní Lakowe, kò sì fi nǹkan kan dí etí lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn àwọn èèyàn ń jìnnà sí i, bí ẹni pé gbogbo ayé ti kó lọ sí ilé kejì tí wọ́n wá ń bá a sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Ẹni tó bá dojú kọ ọ́, a wo ẹnu onítọ̀hún, a fi òye gbé e. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Lọ́dún tó kọjá, níbi iṣẹ́ ní Lakowe, wọ́n pariwo “Ẹ sá sẹ́yìn!” mọ́ bíríkìlà àgbàlagbà kan, kò gbọ́, búlọ́ọ̀kù já bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sílùú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n bá mọ̀ níbi iṣẹ́, iṣẹ́ parí nìyẹn. Bí Bùkọ́lá bá sì mọ̀, á ní kó jókòó sílé. Ọdúnjọ kò sì rí ara rẹ̀ bí ẹni tó máa jókòó sílé. Ló bá wá gbólóhùn méjì mú dání. Bí èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín sí i, a ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Bí èèyàn bá dákẹ́ tó ń wojú rẹ̀, a ní, “Mo ti gbọ́.” Gbólóhùn méjì yìí ti gbé e dé ọdún méjì gbáko. Lóòótọ́, wọ́n ti bá a gba iṣẹ́ tí kò fẹ́, wọ́n sì ti mú un lọ jókòó níbi ìsìnkú kan ní Awoyaya tí kò mọ òkú ibẹ̀ títí wọ́n fi sin ín tán.

“Bàbá Ṣèyí,” Bùkọ́lá wí lálẹ́ ọjọ́ olè náà, ó dojú kọ ọ́ dáadáa nítorí inú ń bí i, “oorun yín yìí ti ń wúwo jù. Ajá la máa mú wálé. Ajá tó lẹ́nu.”

“Mo ti gbọ́,” ni Ọdúnjọ wí. Ó sì gbọ́ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Fómáànù wọn ní Lakowe ló júwe ilé kan fún un ní Ajah, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá tí ẹni tó ni wọ́n já sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi wọ́n ta ẹni tó bá ní ilé rere lọ́rẹ. Bí Ọdúnjọ ṣe lọ mú ajá ní Ajah nìyẹn, gbogbo ẹni tó sì sọ ọ́ fún ló fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rẹ̀míláyọ̀ ló jáde sí i, ó wọ bàtà òjò, ó so ìborùn mọ́ irun. Ajá mẹ́tàlélógún ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́tàlélógún náà ló sì ń gbó. Àfi ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn funfun láti orí dé ìrù, kò sì tóbi ju bàtà iṣẹ́ Ọdúnjọ méjì tí a tò pọ̀. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo ẹnu àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọdúnjọ mọ ìwò yẹn. Bí òun náà ṣe ń wo èèyàn nìyẹn. Ajá náà dìde, ó rìn wá, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé bàtà Ọdúnjọ, ó sì mí kanlẹ̀.

Ọdúnjọ gbàgbé ajá tó lẹ́nu. Ó gbàgbé olè. Ó fẹ́ràn ajá yìí lójú ẹsẹ̀, ojú sì ń tì í fún un, àgbàlagbà ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Rẹ̀míláyọ̀ wí gan-an, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Ó ní, “Daddy, àwọn òyìnbó kan ní estate ló ni ín. Ìgbà tí wọ́n ń padà sílùú wọn, wọ́n fi í sílẹ̀ fún gateman. Ó ní special needs o. Kò gbọ́ nǹkan kan, etí méjèèjì, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ẹ ò lè máa pè é kó dáhùn. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa máa bá a gbọ́ ìró mọ́tò. Ṣé ẹ gbọ́ mi, Daddy?”

Ohun tó sì wọ etí Ọdúnjọ, tí ojú rẹ̀ ń padà sára ajá lemọ́lemọ́, láàárín ariwo ajá méjìlélógún nìyí: òyìnbó. Kò gbọ́. Pè é kó dáhùn.

Onítáìsì ni, ó mọ bí a ṣe ń to àfọ́kù pọ̀ kó jọ odidi. Òyìnbó ló ni ajá. Kò gbọ́ Yorùbá. Òyìnbó nìkan ló ń gbọ́, òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi pè é kó tó dáhùn. Ó tilẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Níbo ni ajá estate ti fẹ́ gbọ́ Yorùbá?

“Mo ti gbọ́,” ló wí. “Ìyẹn ò tó nǹkan, ọmọ mi. A máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.”

Rẹ̀míláyọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ẹni mẹ́fà ló ti wá wo ajá yìí, bí wọ́n bá sì ti gbọ́ pé adití ni, wọn á ní àwọn ń bọ̀, wọn kì í bọ̀ mọ́. Ẹni keje ni bàbá onítáìsì tí sìmẹ́ǹtì wà lára ṣòkòtò rẹ̀ yìí, òun ló sì sọ pé àwọn máa kọ́ ọ. Omi bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. Ọdúnjọ rí omijé, kò mọ ohun tó fà á.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ló wí.

Rẹ̀míláyọ̀ fún un ní ìwé tí wọ́n tẹ ìlànà ìtọ́jú sí, ó sì na ìka méjì sókè: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun á wá wò ó nílé; bí nǹkan ò bá lọ dáadáa, òun á mú un padà. Èyí yé Ọdúnjọ, nítorí ìka kì í parọ́. Ó ká ìwé náà sínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́. Bùkọ́lá fọ ṣòkòtò náà ní ọjọ́ kejì, ìwé àti ìlànà sì bá omi ọṣẹ lọ.

“Kí lẹ gbé wọlé yìí?” Bùkọ́lá bi í lẹ́nu ọ̀nà.

“Ajá ni.”

“Mo rí i pé ajá ni. Ìyókù rẹ̀ dà?”

“Kékeré labẹ́rẹ́, Ìyá Ṣèyí, kì í ṣe mímì fún adìẹ.”

“Ṣé adìẹ ló wá jí ẹ̀rọ yín gbé ni?”

Ọdúnjọ ṣàlàyé pé ajá tó kàwé ni, ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ló gbé dàgbà, kò tíì gbọ́ Yorùbá ni, àti pé ọmọbìnrin tó fún òun á wá wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bùkọ́lá wo ajá, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kó yé e pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọbìnrin yẹn dá, òun náà dá a. Lọ́jọ́ tó bá dé, bí ajá yìí ò bá tíì gbó ẹnì kan tó wọlé, kó gbé ajá rẹ̀ dání padà sí Ajah.

Lórí orúkọ, wọn ò jà. Àwọn baba wa kì í kàn sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú rẹ̀ tí kò lè sọ síta, orúkọ ajá ló fi ń sọ ọ́. Ẹni tí ará ilé bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn a sọ ajá rẹ̀ ní Ẹmáawíǹṣó, a wá máa pè é kíkankíkan láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́. Ọdúnjọ sọ tirẹ̀ ní Bámigbọ́. Ó ní kó lè máa bá àwọn gbọ́ ìró olè ni. Ohun tó wà ní ikùn rẹ̀ gan-an, òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Báyìí ni ẹ̀kọ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé wọn ní Awoyaya. Ọdúnjọ fúnra rẹ̀, òyìnbó rẹ̀ kò ju èyí tí èèyàn fi ń dúnàádúrà iṣẹ́, ló bá lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan tó ń gbé yàrá iwájú. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀pẹ́, òun nìkan sì ni Ọdúnjọ ń gbọ́ dáadáa ládùúgbò, nítorí ẹni tó ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọgọ́rin ọmọ nínú kíláàsì kan kì í mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ mọ́.

“Ọdúnjọ!” Tíṣà ké láti ojú fèrèsé rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. “Kí lò ń sọ fún ajá yẹn?”

“Mo ní, come.”

“Come kí ni? Ajá tó ti ilé ọmọlúàbí wá? Sọ pé, ‘Come here, please!’ Pa ètè rẹ pọ̀ dáadáa lórí please yẹn!”

“Come here, please,” ni Ọdúnjọ wí.

Bámigbọ́ dìde, ó wá.

Tíṣà jó ní fèrèsé. Ọdúnjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tirẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì ò mọ̀ pé please kò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Ṣé ẹ rí i, níbi iṣẹ́ táìsì, bí ẹ̀rọ bá ti ń ké, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ẹnì kejì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ìka méjì lórí àyà: máa bọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ síta: dúró. Ọwọ́ tó ń rọ̀ sílẹ̀: gbé e kalẹ̀. Ó ti mọ́ Ọdúnjọ lára débi pé bí ẹnu rẹ̀ bá là, ọwọ́ rẹ̀ á ti ṣáájú. Bó ṣe ń sọ òyìnbó tí Tíṣà kọ́ ọ ni ìka méjì ń kan àyà. Bámigbọ́, tó ti ń wá ọ̀rọ̀ lára àwọn èèyàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, rí ọ̀rọ̀ níkẹyìn. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó ti ń wá, ó ti ń jókòó, ó ti ń dúró, ó ti ń dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà ní òròòwúrọ̀.

Bùkọ́lá ló yọ wọ́n lẹ́nu. Ó dúró lẹ́yìn ajá ní ilé ìdáná, orí páńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Come here, please.” Ajá ò mira. Ó tún un sọ. Ajá ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní tirẹ̀.

“Ohùn rẹ ni,” Ọdúnjọ wí. “Yorùbá pọ̀ jù nínú òyìnbó rẹ. Fi imú díẹ̀ sí i.”

Bùkọ́lá tó ti fi ọgbọ̀n ọdún pín páálí ẹja, tí àwọn oníbàárà ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ títí dé Eleko, dúró ní ilé ìdáná rẹ̀, ó di imú mú, ó ń bẹ ajá. Ajá ò wẹ̀yìn. Ó ju orí páńlá sínú abọ́.

“Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ,” ló wí. “Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.”

Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹnì kan ṣí géètì sílẹ̀. Bámigbọ́ rìn jáde sí ojú títì kékeré tó wà níwájú ilé, ó ń gbóòórùn ilẹ̀ kiri. Ọdúnjọ tẹ̀lé e, ó ń pariwo, “Stop! Stop, please!” Ajá ń lọ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan yọ láti ẹ̀yìn wọn, ó sì dúró gbàgà, bóyá ló ku ìgbọ̀nwọ́ kan láàárín táyà rẹ̀ àti ìrù Bámigbọ́. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń ju ọwọ́ sókè sódò. Ọdúnjọ wo ẹnu rẹ̀.

“Bàbá! Mo ti ń fun fèrè bọ̀ láti corner! Ẹ̀yin àti ajá yín, ṣé adití ni yín ni?”

Ọdúnjọ gbé ajá rẹ̀ mọ́ra, ó wọlé. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí ro lọ́kàn rẹ̀. Ó gbé Bámigbọ́ kalẹ̀, ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ajá ò yíjú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òun náà ò mọ̀ bóyá àtẹ́wọ́ yẹn dún. Ó tún pa á, ọwọ́ ń ta á. Nígbà tó yá, ó mú àfọ́kù táìsì kan, ó gbé e sókè dé orí, ó sì jẹ́ kó já lu sìmẹ́ǹtì láìjìnnà sí ìrù ajá. Ìyẹn, òun gbọ́ ọ díẹ̀. Tíṣà gbọ́ ọ ní yàrá rẹ̀, ó ké pé kí ló dé. Bámigbọ́ ń sùn lọ.

Ọdúnjọ jókòó sílẹ̀. Kò gbọ́. Etí méjèèjì. Ó wá rántí ẹnu ọmọbìnrin yẹn ní Ajah, ó rántí omijé, ó sì mọ ohun tó fà á. Ó bú sẹ́rìn-ín, àfi bíi pé ẹ̀rín náà fẹ́ di nǹkan mìíràn, ló bá gbé e mì. Ajá tó sọ ní Bámigbọ́! Nínú gbogbo ajá Èkó!

Kò sọ fún Bùkọ́lá. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Bó bá sọ pé adití ni ajá, ó di Ajah. Ó sì ti mọ̀ báyìí pé kò sí ohun tí òun fẹ́ tó kí ajá yìí má padà síbẹ̀. Kì í ṣe pé àánú rẹ̀ ń ṣe é. Ajá náà nìkan ṣoṣo ni kì í rẹ̀ ẹ́ láti wò. Lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn yòókù, láti àárọ̀ dé alẹ́, iṣẹ́ ni: kó wo ẹnu, kó fi òye gbé e, kó fojú jọ ẹni tó gbọ́. Lọ́dọ̀ Bámigbọ́, ọwọ́ sọ, ojú gbọ́, ó parí.

Ọjọ́ kẹrìnlá pé. Ọdúnjọ ti mọ̀ pé Rẹ̀míláyọ̀ ń bọ̀ ní ọ̀sán, ó fá irùngbọ̀n, ó wẹ ajá. Ó jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ kọ́ Bámigbọ́ ní ohun tuntun kan: bó bá fi ìka yí ká, kí ajá náà yí ká. Wọ́n yí títí. Ìgbà tí ajá gbójú sókè wo nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, Ọdúnjọ náà yíjú.

Obìnrin méjì ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò mọ ìgbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Bùkọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsọ̀ dé, ike ẹja ṣì wà lórí rẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbá ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà.

“Ó ti kan géètì fún ogún ìṣẹ́jú,” Bùkọ́lá wí. “Ìta ni mo ti bá a. Ṣé oorun náà ni?”

Rẹ̀míláyọ̀ ò jẹ́ kó dáhùn. “Mummy, ẹ ò rí i ni? Ọwọ́ ni Daddy fi ń bá a sọ̀rọ̀! Àwa gan-an tí a ń ṣe é níṣẹ́, oṣù mẹ́ta ló máa ń gbà wá. Ajá adití, ọ̀sẹ̀ méjì péré!”

“Ajá kí ni?” Bùkọ́lá sọ ike ẹja kalẹ̀.

“Adití, Mummy. Mo sọ fún Daddy lọ́jọ́ yẹn.”

Bùkọ́lá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Bí inú bá bí i dé góńgó, ẹnu rẹ̀ kì í là tán, ọ̀rọ̀ a máa ṣòro mú níbẹ̀. Èyí kò ṣòro. Ó ní, “Ẹ mọ̀?”

Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀, Ọdúnjọ sì rí méjèèjì. Bó bá ní òun mọ̀ láti Ajah, á di òpùrọ́ tó fi ìyàwó rẹ̀ ṣeré fún ọ̀sẹ̀ méjì, Bámigbọ́ á sì lọ. Bó bá ní òun ò mọ̀, wọ́n á bi í pé nígbà tí ọmọ náà dúró sójú rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́? Ó wo ajá. Ajá ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń retí.

“Ó sọ ọ́,” Ọdúnjọ wí. “N ò gbọ́ ohun tó sọ ni.”

“Àwọn ajá ń pariwo lóòótọ́,” Rẹ̀míláyọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un láti sá gba ibẹ̀. Kò gbà á. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

“Kì í ṣe ajá,” ló wí. “Etí mi ni. Ó ti tó ọdún méjì. Ìyá Ṣèyí, n kì í gbọ́ràn mọ́, àyàfi bí mo bá ń wo ẹnu èèyàn.”

Bùkọ́lá jókòó sórí apá àga, ìyẹn tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́, ó sì gbé ojú sókè kí ẹnu rẹ̀ lè hàn.

“Lọ́dún tó kọjá, mo wà nídìí omi níbẹ̀ yẹn, mò ń fọ abọ́. Mo ní ẹ jẹ́ ká jọ lọ wo Ṣèyílọ́lá àti ọmọ tuntun ní Ìlọrin. Ẹ jókòó síbí. Ẹ ò dá mi lóhùn. Mo tún un sọ, ẹ ò dá mi lóhùn. Mo dá lọ. Mo sunkún dé Ògèrè, Bàbá Ṣèyí. Mo ní ọ̀rọ̀ mi ti sú ọkọ mi.”

Ọdúnjọ rántí ìrìn-àjò yẹn. Ó rántí pé ó bá àpò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pé ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” tó tún bínú lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò pe òun kí àwọn jọ lọ.

“Ọ̀rọ̀ rẹ kò sú mi,” ló wí. “Ohùn rẹ ni mo ń wá. Nínú gbogbo ohun tó sọnù, òun ló ká mi lára jù.”

Bùkọ́lá fi etí ìró nu ojú. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn, ló bá dá ọwọ́ dúró, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Ẹ̀yin àti Tíṣà,” ló wí. “Ẹ mú mi dúró ní ilé ìdáná, ẹ ní kí n máa fi imú sọ̀rọ̀. Fún adití!” Ẹ̀rín gbé e, ó rín in títí ó fi di apá àga mú. Rẹ̀míláyọ̀ tí kò mọ nǹkan kan nípa imú náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdúnjọ ń wò wọ́n, ó ń rín tirẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò nù.

Ìgbà tí ara rọlẹ̀, Rẹ̀míláyọ̀ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń já èékánná jẹ. Ó ní kò rọrùn lẹ́nu òun láti sọ, ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé irú ajá yìí kò gbọdọ̀ wà nílé tí kò sí ẹni tó ń gbọ́ràn. Mọ́tò ń bẹ, iná ń bẹ. Ta ló máa bá a gbọ́?

Ọdúnjọ rí ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí ajá.

“Ta ló máa bá a gbọ́ bíi ti báwo?” Bùkọ́lá ti dìde. “Ṣé èmi ò sí nílé ni? Etí mi méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi ní ìsọ̀ kẹta. Kọ tèmi síbẹ̀. Adébùkọ́lá ni kó o kọ, àmì wà lókè ọ́.” Ó dúró títí wọ́n fi kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló yí sí ọkọ rẹ̀. “Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀yin, ọ̀dọ̀ dókítà etí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa sọ fún fómáànù, kí búlọ́ọ̀kù tó bá wa sọ ọ́.”

“Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ ńkọ́?”

“Ẹ máa wálé. Ẹ rò pé ẹja máa ń pín ara rẹ̀ ni?”

Kí Rẹ̀míláyọ̀ tó lọ, ó fi ohun kan hàn wọ́n. Bí ajá bá kẹ̀yìn síni, ẹ má pariwo. Ẹ fẹsẹ̀ janlẹ̀. Kò ní gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n láti inú ilẹ̀. Bùkọ́lá ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ló sin ọmọbìnrin náà dé géètì, ó di ẹja kótè mẹ́rin fún un, ó ní tàwọn ajá tó kù ni.

Ọdúnjọ gbé àga lọ sẹ́yìnkùlé. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ó ń wo Bámigbọ́ tó ń lé aláǹgbá kan tí kò ní mú láé, ó sì ń ro ohun tó máa sọ fún fómáànù. Ẹ̀rù ń bà á díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé láti wákàtí mélòó kan, òun ò tíì sọ “mo ti gbọ́” fún ohun tí òun ò gbọ́.

Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbì. Ó yíjú. Bámigbọ́ náà yíjú, lẹ́ẹ̀kan náà. Bùkọ́lá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbi tó fi jan án, ẹnu rẹ̀ padé. Ó rí i pé àwọn méjèèjì ń wo òun, ló bá na ìka méjì, ó fi kan àyà.